Kámẹ́rà Ní Kò Sí Kókó, Síbẹ̀ Oúnjẹ Kò Gba Ọ̀fun Màmá Kọjá

Ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta níbí. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú, àmọ́ ohun tó sọ rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹni ọdún 61 ni ìyá mi, aláàdìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú. Ní 2015 ni wọ́n gé ọmú wọn òsì nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n gba kẹ́mò, wọ́n lo oògùn oníhóró fún ọdún márùn-ún, ara wọn sì le dáadáa. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni oúnjẹ ti ń há sí wọn láyà. Láfún ló kọ́kọ́ ń há, ó wá kan ìrẹsì, ní báyìí ẹ̀kọ mímu pàápàá ń padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti rù débi pé aṣọ ò dúró lára wọn mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọgbẹ́ inú ni, a lo oògùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí kò lọ, wọ́n ki kámẹ́rà bọ ọ̀fun wọn. Èsì ní kò sí kókó kankan, ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé lọ yẹ̀ wò kò ní àìsàn, pé ẹnu ọ̀nà tó wọ ikùn ló kàn fún pọ̀. Wọ́n pè é ní achalasia, wọ́n sì fẹ́ fi bàlúùnù fẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohùn Màmá ti há láti oṣù tó kọjá, òtútù la kà á sí. Ìbéèrè mi ni pé, jẹjẹrẹ ọmú tó ti lọ láti ọdún mẹ́wàá, ṣé ó lè padà wá mú ọ̀nà ọ̀fun? Bó bá sì lè rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kámẹ́rà ò rí i?”

Ẹ kú aájò Màmá o. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà.

Bẹ́ẹ̀ ni. Jẹjẹrẹ ọmú lè padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àní lẹ́yìn ogún ọdún, ó sì lè dí ọ̀nà oúnjẹ láìyọjú sínú rẹ̀ rárá. N kò sọ pé òun ló ń ṣe Màmá, torí lẹ́tà ni mo kà, n kò fojú kan wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Kí ẹ tó ka ìyókù, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn: ẹ lọ bá dókítà tó fẹ́ lo bàlúùnù yẹn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọmú tí wọ́n gé ní 2015 fún wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí Màmá kọ́kọ́ ya CT scan, ìyẹn àwòrán ẹ̀rọ tó ń fi inú ara hàn ní ìpele ìpele, ti àyà àti òkè ikùn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gé ọmú. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé fáìlì àìsàn àtijọ́ wà ní ilé ìwòsàn kan, tí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀fun sì ti ṣí fáìlì tuntun tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ ju “oúnjẹ kò lọ” lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kámẹ́rà fi lè ríran kó má sì rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà oúnjẹ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gògóńgò, ó gba àárín àyà kọjá, ó lu awọ tó pààlà àyà àti ikùn, ó sì wọ àpòlúkù. Kò dá gbé níbẹ̀. Ọ̀nà èémí wà níwájú rẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn jáde ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ọkàn fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn tì í. Àwọn kókó kéékèèké tí ara fi ń sẹ́ ìdọ̀tí sì tò yí i ká, irú èyí tó máa ń wú sí wa lábẹ́ abíyá tàbí ní ọrùn nígbà tí egbò bá wà lára. Awọ tó ń dán ló wà nínú ọ̀nà náà. Lẹ́yìn awọ yìí ni ẹran tó ń sún oúnjẹ lọ wà, ìpele méjì ni ẹran náà, àárín méjèèjì sì ni àwọn okùn tín-ín-tín-ín tó ń ránṣẹ́ sí ẹran wà, tí wọ́n ń sọ ìgbà tí yóò fún àti ìgbà tí yóò tú. Awọ ìbora tó bo ìfun lóde kò sí lára ọ̀nà oúnjẹ. Ohun tó bá wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ògiri tí yóò kọ́kọ́ fọ́.

Inú awọ tó ń dán yẹn nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi, omi ò ní yọ, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fojú sí ẹnu rọ́bà náà, ẹ ò ní rí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀. Báyẹn ni kókó tó wú sí àárín àyà ṣe ń ṣe. Ọ̀nà kejì tún wà tó burú ju èyí lọ fún ẹni tó ń wá a: jẹjẹrẹ á máa rìn lábẹ́ awọ, nínú ẹran, bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ọ̀dà ògiri tí ọ̀dà náà ṣì ń dán. Bí wọ́n bá fi ìgéran kékeré gé awọ lókè, awọ tó mọ́ ni wọn yóò gé, ilé àyẹ̀wò yóò sì kọ ọ́ pé kò sí jẹjẹrẹ. Wọn ò purọ́. Ohun tí wọ́n gé ni wọ́n sọ.

Kí ló wá gbé jẹjẹrẹ láti ọmú dé ibẹ̀? Omi ara tó ń ti ọmú jáde ní ọ̀nà méjì: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ sí abíyá, ìyókù ń lọ sí àwọn kókó tó wà lẹ́yìn egungun igbá-àyà. Ọ̀nà kejì yẹn ló já sí àárín àyà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan lè ti sá síbẹ̀ kí wọ́n tó gé ọmú, kó sùn fún ọdún púpọ̀, kó má fi nǹkan kan ṣe èèyàn, kó tó wá jí. Pàápàá jù lọ, irú jẹjẹrẹ ọmú tí oògùn oníhóró ọlọ́dún márùn-ún wà fún, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe láti sùn pẹ́. Nítorí náà, “ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi lé e kúrò nínú èrò wa.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ achalasia yẹn. Àìsàn gidi ni. Àwọn okùn tó ń ránṣẹ́ sí ẹran ló máa ń kú díẹ̀díẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó wọ àpòlúkù á wá kọ̀ láti tú nígbà tí oúnjẹ bá dé. Kò wọ́pọ̀: nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, nǹkan bí ẹnì kan ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún. Àìsàn tí kì í kánjú sì ni. Láti 1674 ni Thomas Willis, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, ti kọ nípa aláìsàn kan tí kò lè gbé oúnjẹ mì, tí òun fún ní egungun àbùùbùtán tí wọ́n so kànìnkànìn mọ́ lórí. Ọkùnrin náà ń fi í ti oúnjẹ rẹ̀ wọ ikùn lójoojúmọ́, ó sì fi bẹ́ẹ̀ wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán irú rẹ̀ wò nílé.) Ẹni tó ní achalasia gidi sábà máa ń sọ fún yín pé láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ni, pé oúnjẹ líle àti omi jọ ń ṣe wàhálà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ó sì lè máà tíì rù púpọ̀.

Àmọ́ jẹjẹrẹ lè ba okùn wọ̀nyẹn jẹ́, tàbí kó fún ẹnu ọ̀nà náà mọ́ra láti òde, kí gbogbo àyẹ̀wò sì fi í hàn bí achalasia gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní báríọ̀mù, omi funfun tó ń jẹ́ kí ọ̀nà oúnjẹ hàn nínú àwòrán, mu tí wọ́n sì yà á ní X-ray, ẹ ó rí ọ̀nà oúnjẹ tó fẹ̀ lókè tó wá sọ ṣóńṣó nísàlẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ, bákan náà ní àìsàn méjèèjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àyẹ̀wò bá sọ pé achalasia ló ń ṣe, ó tó ẹni méjì sí mẹ́rin tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló farapamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu àpòlúkù ló pọ̀ jù nínú wọn, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti ọmú sì ń tẹ̀ lé e. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan tilẹ̀ wà, èyí tó máa ń mú àwọn tó ń fa sìgá, tó lè ṣe é láti òkèèrè láìfọwọ́ kan ọ̀nà oúnjẹ: ara á máa bá jẹjẹrẹ náà jà, ohun ìjà ara á wá ṣi àwọn okùn ọ̀nà oúnjẹ mú fún un. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, kò sì jọ ti Màmá, n kò ní dúró lórí rẹ̀.

Ọ̀ràn kan wà tí n kò lè gbàgbé. Mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ nígbà náà. Awakọ̀ kan ni, ó ń ná Láfẹ́nwá sí Èkó, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Oṣù márùn-ún péré ni oúnjẹ ti ń há sí i, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ti ní ihò tuntun mẹ́ta tó fi ìṣó lu fúnra rẹ̀. Mo rí ihò yẹn, n kò bi í léèrè. Nígbà tí kámẹ́rà dé ẹnu àpòlúkù, ó ta kú. Nínú achalasia gidi, bí mo bá fi orí kámẹ́rà tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, á kọ́kọ́ kọ̀, á sì wá yọ̀ǹda lójijì, bí ìgbà téèyàn fọwọ́ ti aṣọ ìkélé. Ti ọkùnrin yìí dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì tì lẹ́yìn. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, orí mi ni kò gbọ́. Mo rí awọ tó ń dán, ẹran tí mo gé mọ́, mo kọ achalasia. A fi bàlúùnù fẹ̀ ẹ́. Ó jẹun fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó padà wá. A tún fẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀gá mi kan wo bẹ́líìtì náà, ó bi í pé oṣù mélòó ló fi lu ihò mẹ́ta, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ ya CT scan lọ́jọ́ náà gan-an. Jẹjẹrẹ ti yí ẹnu àpòlúkù ká lábẹ́ awọ bí ìgbà tí wọ́n fi gèlè wé orí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bàlúùnù jẹ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í fẹ ọ̀nà àgbàlagbà tí àìsàn rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan láìkọ́kọ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Yàtọ̀ sí àkókò tó ń ṣòfò, ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ti mú lè ya bí a bá fi bàlúùnù fẹ̀ ẹ́, èyí sì lè pa èèyàn.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń fura: kí ẹni náà ti lé ní ọdún 50, kí àìsàn náà má tíì pé ọdún kan, kí ó sì ti rù ju kílò 7 lọ. Màmá ti ní méjì nínú rẹ̀ dájú, ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n kí a mọ ẹ̀kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ wọn ti ń sọ ọ́. Ẹ tún fi jẹjẹrẹ àtijọ́ kún un. Ẹ tún wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: láfún ṣáájú, ìrẹsì tẹ̀ lé e, ó wá kan ohun mímu. Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí líle tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sórí omi, ọ̀nà ló ń dí díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó kù ni ohùn, tí ẹ mẹ́nu bà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Okùn tó ń jíṣẹ́ fún gògóńgò ní apá òsì kì í gba ọ̀nà tààrà. Ó kọ́kọ́ ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wọ inú àyà, ó yí abẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn jáde, kó tó wá gun òkè padà lọ sí gògóńgò, láàárín ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ. Nítorí ìrìn àyíká yìí, kókó tó bá wú ní àárín àyà lápá òsì lè tẹ̀ ẹ́, ohùn á há, ikọ́ ò sì ní dún dáadáa mọ́. Òtútù kì í mú ohùn lọ fún oṣù kan. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó yẹ kí dókítà ọ̀fun wò ó, fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ohùn àti oúnjẹ bá jọ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àárín àyà ni ojú mi ń lọ.

Síbẹ̀, ẹ má tíì dá ẹjọ́. Ikọ́ ife náà máa ń jẹ́ kí kókó àárín àyà wú kó sì tẹ ọ̀nà oúnjẹ, oògùn ọlọ́fẹ̀ẹ́ oṣù mẹ́fà sì ń wò ó sàn. Lórí CT scan, kókó ikọ́ ife àti kókó jẹjẹrẹ lè jọra. Gẹ̀gẹ̀ tó bá wọ inú àyà lè ṣe irú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ìtànṣán jó àyà Màmá nígbà náà lọ́hùn-ún (ẹ ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà), àpá rẹ̀ lè fún ọ̀nà náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Mo tún ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi gbogbo aláàdìrẹ Ìtòkú, tí ẹ ó bá mi bi Màmá: ṣé wọ́n ti ṣèèṣì gbé sódà tí wọ́n fi ń po aró mì rí, bó tilẹ̀ ṣe ẹnu kan, bó tilẹ̀ ti pẹ́? Sódà yẹn ń jó ọ̀nà oúnjẹ, àpá rẹ̀ sì máa ń fún un pa. Mo ti rí i tí wọ́n bù ú sínú ike omi mímu nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀wọ́, bí irú ike bẹ́ẹ̀ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù Màmá, ẹ gbé e kúrò lónìí, àwọn ọmọdé ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ gé ẹran láti ibi tí àìsàn wà gan-an. CT scan á kọ́kọ́ sọ ibi tí kókó náà wà. Bí ọ̀kan bá wú sókè egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká, iṣẹ́ náà rọrùn: abẹ́rẹ́ á wọ̀ ọ́, a ó mọ̀. Bó bá jẹ́ pé inú àyà nìkan ló wà, kámẹ́rà kan wà tó ní skáànù lórí, tó ń ti inú ọ̀nà oúnjẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ògiri, tí wọ́n sì lè gba ibẹ̀ fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in, ẹ lè ní láti dé Ìbàdàn tàbí Èkó. Kí ẹ tó lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, kí ẹ gba lẹ́tà tí yóò ṣọ̀nà fún yín. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kíndìnrín ṣáájú CT scan, torí oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan kí àwòrán lè hàn. Ẹni tí kò rí omi mu dáadáa, kíndìnrín rẹ̀ lè ti ń gbẹ. Ẹ rán wọn létí.

Bó bá wá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ló padà ńkọ́? N kò ní tàn yín: èyí tó bá padà sí àárín àyà, a kì í sábà lè fà á tu pátápátá. Àmọ́ “a ò lè fà á tu” yàtọ̀ pátápátá sí “kò sí ohun tí a lè ṣe,” inú mi kì í sì í dùn nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n sọ èkejì fún aláìsàn. Jẹjẹrẹ tó bá ń gbọ́ ti oògùn oníhóró lè tún gbọ́ ti oògùn oníhóró mìíràn, kókó á rọ̀, ọ̀nà á là, aláìsàn á sì máa jẹun fún oṣù púpọ̀, ẹlòmíràn fún ọdún bíi mélòó kan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ìwé àyẹ̀wò 2015. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ER, PR àti HER2 sí. Lẹ́tà wọ̀nyẹn ló ń sọ oògùn tí jẹjẹrẹ náà á gbọ́, wọ́n sì máa ń tún un yẹ̀ wò lára ẹran tuntun torí pé ó lè ti yí padà. Ìtọ́jú onítànṣán náà lè mú kí kókó tó tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀ súnkì. Ó wà ní UCH Ìbàdàn, ó sì wà ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àrábà, Èkó, ní 2019. Yóò kọ́kọ́ mú ọ̀fun ta wọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ẹ̀kẹta, kí ó tó wá tù wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá padà sílé nígbà tó bá ń ta yẹn.

Bí ebi bá ti ń pa wọ́n jù láti dúró de oògùn, wọ́n lè ki stent bọ ọ̀nà náà, ìyẹn páìpù tí wọ́n fi wáyà hun bí àwọ̀n ẹja. Wọ́n á tì í wọlé ní kíká, á sì là fúnra rẹ̀ nínú, aláìsàn sì máa ń mu ẹ̀kọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ó lè mú kí àyà dùn wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ẹran tí wọn ò rún lè dí i. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n fi rọ́bà sí ikùn láti òde kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ẹbí máa ń bẹ̀rù rọ́bà yìí gan-an, wọ́n á ní ó ti tán nìyẹn. Mo ti rí ìyá tó fi rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹun títí oògùn fi ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì yọ ọ́, tó padà ń fi ẹnu jẹun.

Oúnjẹ ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Mo mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá kò fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n fi láfún sílẹ̀, àmọ́ òkèlè rẹ̀ ń lẹ̀, ó sì ń dì mọ́ra ní ibi tó fún. Títí wọn ó fi là á, kí Màmá fi í sílẹ̀, pẹ̀lú iyán, ẹ̀bà, búrẹ́dì àti ẹran líle. Ẹ̀kọ mímu ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sá lọ bá, wọ́n á fún aláìsàn ní ẹ̀kọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, á sì máa rù lọ. Omi àgbàdo ni ẹ̀kọ, kò tó gbé èèyàn ró. Ẹ po wàrà oníyẹ̀fun ṣíbí mẹ́ta mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fi mílíìkì sóyà pò ó. Ẹ lọ ẹ̀pà yíyan kúnná kúnná, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sí i. Ẹyin tí ẹ bọ̀ rọ̀, tí ẹ fọ́ sínú ẹ̀kọ gbígbóná, máa ń yọ̀ lọ dáadáa. Ewédú tí kò ní ata púpọ̀, tí ẹ rún ẹja tí kò légungun mọ́ dáadáa, wọ́n lè fi ṣíbí mu ún láìsí òkèlè. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí ẹ fi omi ẹran pò, bó bá ṣì ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, díẹ̀ díẹ̀, sàn ju àwo ńlá ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Bó bá ti pé ọjọ́ púpọ̀ tí wọn ò ti jẹ nǹkan gidi, ẹ má dà á lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa fi kún un láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Kí wọ́n jókòó ṣánṣán jẹun, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n jẹun tán. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì níbi orí. Ìrọ̀rí méjì kò tó, torí ọrùn nìkan ló ń gbé sókè. Oúnjẹ àti itọ́ tó dúró sínú ọ̀nà náà máa ń padà sẹ́nu lóru, á gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa wọ́n kí àìsàn gidi tó pa wọ́n. Kí wọ́n má fi òkèlè gbígbẹ ti èyí tó há. Kí ẹ má ṣe lọ oògùn oníhóró kankan kúnná láìbéèrè lọ́wọ́ apòògùn, torí àwọn kan wà tí ara gbọ́dọ̀ máa gbà díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á wọ ara lẹ́ẹ̀kan. Ní ti àgbo, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, àmọ́ ọ̀fun tó dí kì í ṣe ibi tí à ń da ohun kíkorò tó ń ta sí. Àdúrà wọn, kí wọ́n máa gbà á lọ. N kò rí ibi tó ti dí CT scan lọ́wọ́.

Ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn bí omi kò bá lọ rárá fún ọjọ́ kan gbáko, bí wọn ò bá lè gbé itọ́ ara wọn mì, bí wọ́n bá bì ẹ̀jẹ̀, bí ibà àti èémí kíkúrú bá jọ dé, tàbí bí gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé mì bá ń mú wọn wúkọ́ lọ́wọ́ kan náà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lè túmọ̀ sí pé ihò ti là láàárín ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí. Ẹ dá oúnjẹ ẹnu dúró, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí yàrá pàjáwìrì, ìbáà ṣe òru.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹ ò bi mí. Ó dà bí ẹni pé Màmá ò mọ̀ pé ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹbí wa fẹ́ràn láti fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pamọ́ fún àgbà, kí ọkàn wọn má bàa já. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti gbé jẹjẹrẹ ru ní 2015, tó mọ bí aṣọ ṣe ń jábọ́ lára rẹ̀, ó ti rò ó kí ẹ tó rò ó. Òun nìkan ló ń dá a rò lóru. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó ń ṣe wọ́n. Ohun tí wọ́n bá sọ ni ẹ ó ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n níbi tí ìwé ilé ìwòsàn 2015 wà. Àwọn ìyá wa kì í jù ú nù, abẹ́ aṣọ nínú àpótí ló máa ń wà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú rẹ̀ sí fóònù, kí ẹ sì mú ìwé náà gan-an dání bí ẹ bá ń lọ bá dókítà nípa bàlúùnù.